Lórí Bẹ́ńṣì Ẹlẹ́ni-Méjì ní Nukafu

Bẹ́ńṣì ilé ìwé ni a fi ń ṣe ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Nukafu, ní Lomé, irú èyí tí wọ́n kàn mọ́ tábìlì, tí kò sì gbà ju ọmọ méjì lọ. Bí àgbàlagbà méjì bá jókòó sí i, èjìká wọn á máa kan ara wọn, orúnkún wọn á sì há sábẹ́ pákó. Kò sí àyè ẹni kẹta. Mo mọ bẹ́ńṣì tí mo ń sọ yìí dáadáa. Òun ni ìkẹta láti iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ àwòrán ẹja sí i lára, ihò tí àwọn ọmọ ilé ìwé ayé àtijọ́ ń gbé ìgò yíǹkì sí ṣì wà ní igun rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti tó ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí ìpàdé ni a ti ń jókòó síbẹ̀, òun lápá fèrèsé, èmi lápá ojú ọ̀nà. Bí mo bá wá sọ pé mo jowú nítorí bẹ́ńṣì, lẹ́yìn tí mo ti di ìyá ọlọ́mọ, kí ẹ mọ̀ pé bẹ́ńṣì yẹn gan-an ni.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé máa ń wáyé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, nígbà tí páànù orí yàrá náà bá ti gbóná débi pé ó ń ta. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tí mi ò tíì rí níbòmíràn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá sọ nínú yàrá yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta la gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. A ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní Yorùbá, nítorí pé òun ló kó wa jọ. A ó tún gbọ́ ọ ní Faransé, nítorí àwọn ọmọ tí ilé ìwé ti gba Yorùbá lẹ́nu wọn. A ó wá gbọ́ ọ ní Mina, nítorí àwọn ìyàwó ọmọ Lomé tí àwọn bàbá wa fẹ́. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò sì gbọdọ̀ túmọ̀ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bá a túmọ̀ rẹ̀, kó má baà kó ohun tó ti sọ síta padà sínú. Àwọn àgbà ní ìjà kan ló bí òfin náà kí wọ́n tó bí wa. Wọ́n ní ọkùnrin kan rò pé wọ́n ń fi Faransé bú òun níṣojú òun, ó sì gbé àga.

Ẹ wo ohun tí òfin yìí sọ ìpàdé dà. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn, a ó gbádùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í sábà dùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló pọ̀ jù. Ẹgbẹ́ wa ní àwọn ìkòkò ńlá tí ọmọ ẹgbẹ́ máa ń yá fún ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, bàbá kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ télọ̀ ló sì ń tọ́jú wọn. Bàbá yìí máa ń ròyìn ìkòkò bí ẹni ń ròyìn aláìsàn. Èyí tí etí rẹ̀ ti mì, èyí tí ìdí rẹ̀ ti ń pọ́n, èyí tí wọ́n dá padà láìfọ̀ dáadáa. Yóò sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì jókòó. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba yóò dìde, yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò àkọ́kọ́ ní Faransé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá kan tó sanra, tó máa ń jókòó níwájú pátá, yóò bẹ̀rẹ̀ ní Mina.

Kí ni ọmọdé méjì fẹ́ ṣe sí irú nǹkan báyìí? A ò lè fi Yorùbá kùn, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. Faransé àti Mina, bákan náà. Ní Lomé, èdè tí èèyàn lè sá pamọ́ sí kò pọ̀. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló kù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, òun ló tẹ̀ lé mi. Èyí tí wọ́n kọ́ wa ní ilé ìwé kò tó fi kí ẹnikẹ́ni. Rédíò Gánà ni mo fi kọ́ tèmi, nítorí pé ibodè wọn kò jìnnà sí wa, ohùn wọn sì máa ń wọlé ketekete ju ti àwọn ará ilé wa lọ nígbà mìíràn. Mo ra ìwé atúmọ̀ èdè àlòkù kan tí èèpo rẹ̀ ti ya. Títí di òní, tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Gbossimé, rédíò náà wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn mi, ìwé náà sì wà lábẹ́ káńtà.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìsúni ni mo fẹ́ràn jù nínú èdè náà. Mo mọ̀ pé yóò ṣe àwọn kan ní kàyéfì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí pé nǹkan tó dára ni. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé aṣọ a máa pupa fòò, kì í pupa kirikiri. Èédú a máa dúdú kirikiri, kì í dúdú fòò. Igi a ga fíofío, ilẹ̀ a mọ́ tónítóní, omi àmù a tutù nini. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti mọ èyí tó máa bá a rìn. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀, ibi tí mo sì ti rí i kedere jù ni ibi tí wọ́n ti ń sọ pé nǹkan kò dùn. Wọ́n á ní nǹkan "dull", wọ́n á fi "deadly" ṣáájú rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan náà lè pa èèyàn. Ohun tó bá ń falẹ̀, "painfully slow" ni, ìfalẹ̀ tó ń dunni lára. Ohun tó bá "boring" kọjá ààlà, wọ́n á ní "mind-numbingly", pé ó ti sọ ọpọlọ dà bí ẹsẹ̀ tí a jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Ẹ tún wo "rather dull". Létí, ó rọlẹ̀, ó níwà pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí rédíò tó láti mọ̀ pé nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ báyẹn gan-an ni nǹkan náà burú jù.

Iṣẹ́ mi ló jẹ́ kó yé mi. Bí télọ̀ bá mú aṣọ aláwọ̀ ọsàn wá, mi ò lè na òwú ọsàn èyíkéyìí sí i. Mo ní oríṣiríṣi. Mo máa ń tú aṣọ náà sí ojú oòrùn, n ó fi òwú lé e, n ó wò ó títí òwú yóò fi sọnù sára aṣọ. "Deadly" máa ń sọnù sára "dull" bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fi sára "tedious", ojú rírán náà á hàn.

Ìdí mìíràn tún wà. Yorùbá kì í bá wa bú ìpàdé. "Ó sú mi" la máa ń wí, ẹni tó bá sì wí bẹ́ẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni kò ní sùúrù. Gẹ̀ẹ́sì gbé ẹ̀bi náà kúrò lórí wa, ó dì í ru ìkòkò.

Nítorí náà, bí bàbá yẹn bá ti dé orí ìkòkò kejì, n ó tẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi létí, n ó fi èyí tí mo ti múra sílẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan sí i létí. Mi ò ní yí ojú kúrò níwájú. Òun náà kò ní yíjú. Yóò fa etí ìbòrí rẹ̀, yóò fi eyín dì í mú kí ẹ̀rín má baà bọ́, èjìká rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n mọ́ tèmi. Lẹ́yìn tó bá ti rọlẹ̀, yóò ní, "Kò burú." Kò sí ìgbà kan tó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akọ̀wé ni ní bíróò kan létí èbúté, ó ga, ó dúdú, kì í yin èèyàn lásán. Gbígbọ̀n èjìká yẹn ni mo ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún. Bí wọ́n bá bi mí léèrè pé kí ni mo fi èdè náà ṣe láyé mi, òun náà ni. Ó dàgbà, ó lọ́kọ, ó bímọ, kò ráyè mi mọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù, tèmi ni.

Àbúrò wa ọkùnrin ló wá mú ìyàwó dé láti Ìbàdàn.

Ọmọ náà dára. N kò lè sọ pé kò dára. Ó mọ ẹni kí, ó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ láìdà bí ẹni tí orúnkún ń dùn, ọbẹ̀ rẹ̀ sì lóòórùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ Faransé, kò gbọ́ Mina. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé àkọ́kọ́ rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, màmá wa pè wá sí ilé ní Djidjolé, ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó ti ìyàwó, kó lè máa sọ fún un ohun tí wọ́n ń fi Faransé àti Mina sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí bẹ́ńṣì, tí kì í dé etí alága. Mo ní èmi yóò ṣe é. Màmá ní rárá, ẹ̀gbọ́n mi ni àgbà, òun ni ìyàwó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ, bọ́ sẹ́yìn díẹ̀," ni màmá wí. "Bẹ́ńṣì kì í ṣe ogún."

Mo bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Bẹ́ńṣì kẹrin.

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ, bó ṣe ọmọ ọwọ́ pàápàá. Ó gbọ́dọ̀ wá orúkọ fún un. Ìyàwó wa mọ̀ ọ́n wá. Kó tó jókòó jẹun lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti wo ẹ̀gbọ́n mi lókè délẹ̀, tó pè é ní Adúmáadán, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Ó pe àbígbẹ̀yìn tèmi ní Eyínfúnjowó. Ó tilẹ̀ wá orúkọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí kì í kí èèyàn. Èmi wá ńkọ́? "Anti." Oṣù ń lọ, oṣù ń bọ̀, "Ẹ káàárọ̀, Anti." "Anti, ṣé kí n bù kún un?" Anti ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ta káàdì fóònù. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé kò sí nǹkan kan lára mi tó ṣeé rí ni.

Láti ẹ̀yìn, mo wá rí ohun tí mi ò rí rí: bí ẹ̀yìn orí ẹ̀gbọ́n mi ṣe rí nígbà tó bá ń rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, ara ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ní ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, mo rò pé Faransé àti Mina nìkan ni yóò máa ti ẹnu ẹ̀gbọ́n mi bọ́ sí etí ìyàwó. Bàbá oníkòkò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá nítorí àṣà, sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Deadly dull." Tèmi ni, èmi ni mo fún un, bóyá kó tó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ìyàwó wò ó. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ nínú ọjà àjèjì. Ó tẹ̀ sí i létí, ó ní, "So so pot," bí àwọn ará Ìbàdàn ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì ojú títì sọ pé ìkòkò ṣáá ni látàárọ̀.

Ìbòrí bọ́ sẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Èjìká rẹ̀ gbọ̀n mọ́ èjìká tí kì í ṣe tèmi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. "So so pot." Ṣé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Kò sí ìdíwọ̀n níbẹ̀, kò sí pé èwo ló bá èwo lọ. Ọmọ yìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń yan nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí itọ́. Bó bá fẹ́ kí nǹkan pọ̀, "die" ni yóò fi sẹ́yìn rẹ̀: ó "sweet die", ó "hot die", ó "dull die". Bákan náà fún ohun gbogbo, bí ẹni tó fi òwú dúdú rán gbogbo aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ pé "kò burú" ló ń fún mi láti ìgbà èwe, òun ló ń sọ fún màmá pé, "Ọmọ yẹn pani lẹ́rìn-ín jù, ó pani lẹ́rìn-ín gan-an ni." Mo gbọ́ "jù", mo gbọ́ "gan-an ni". Mo gbọ́ méjèèjì nínú gbólóhùn kan.

Mo múra. Nínú ṣọ́ọ̀bù, mo gbé ohùn rédíò sókè, mo wá inú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo kó àwọn tó wúwo jọ: "crushingly", "stiflingly", "excruciatingly". Àwọn oníbàárà ń béèrè síìpù, mo ń na bọ́tìnnì sí wọn. Nígbà tí oṣù pé, mo ti yan èyí tó dára jù. Mo dúró títí bàbá fi dé orí ìkòkò tí etí rẹ̀ mì, mo na ọrùn síwájú láàárín orí àwọn méjèèjì, mo sì sọ ọ́: "Stultifyingly tedious."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. "Kí nìyẹn?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé nǹkan tó súni débi tó ń sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀ ni, pé ó yàtọ̀ sí "mind-numbingly" nítorí pé ti èyí máa ń pẹ́ lára. Mi ò tíì dé ìdajì.

Ìyàwó rọra ní, "Anti, ẹ má bínú o. Ṣé kí wọ́n tó jẹun ni wọ́n ń lò ó, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Bí ẹni pé oògùn ni mo dárúkọ. Ẹ̀gbọ́n mi bu ìbòrí jẹ, ó dojú bo tábìlì. Ìgbà tó pẹ́ jù tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín nínú yàrá yẹn nìyẹn, èmi ló sì fi ń rẹ́rìn-ín. Mo fa ọrùn mi sẹ́yìn. Ìyá tó ń túmọ̀ sí Mina ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi á ti bíróò dé, a ó jọ wà nínú ilé rẹ̀, fóònù á dún, yóò bọ́ sí ìta, n ó sì máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Mo lọ bá màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, mo ní ìyàwó yìí ti ń wọ ẹ̀gbọ́n mi lára jù, kò yẹ kí ìyàwó ilé máa fi àgbà ṣe ẹgbẹ́. Màmá kò gbé ojú sókè nínú atẹ.

"Mo ti rí orogún tó ń jà lórí ọkọ," ó ní. "Èyí tó ń jà lórí bẹ́ńṣì ni mi ò tíì rí."

Mo ní n kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní kí n kúkú jókòó bá òun ṣa ẹ̀wà, nígbà tí n kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìpàdé tí gbogbo rẹ̀ yí padà, ooru mú lọ́jọ́ náà. Bàbá oníkòkò mú ọmọrí kan wá. Ó gbé e sókè kí gbogbo wa lè rí i. Ó ní ọmọrí yìí bá àwọn ìkòkò wa padà láti ibi ìgbéyàwó kan, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti wa. Ó ní òun ti fi wo ìkòkò àkọ́kọ́, ó tóbi jù ú lọ. Òun fi wo ìkejì, ó kéré sí i. Ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìkòkò kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ìgbà tí bàbá ń wá ọkọ fún ọmọ rẹ̀. Mo ti tẹ̀ síwájú kí n lè gbọ́ ohun tí àwọn tó wà níwájú mi ń sọ. N kò fi pamọ́. Gbogbo ìpàdé ni mo máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ ìyàwó ketekete. Ó ní, "Adúmáadán, this one dull. E dull, e dull die, dem don bury am."

Ó súni, ó súni dójú ikú, wọ́n tilẹ̀ ti sin ín. Kó tó di pé ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti gún mi. Nítorí kí ni? "Deadly dull" náà ni. Ibi tí mo fi ìwé àti rédíò rìn dé láti ọdún pípẹ́ wá ni ọmọ yìí fi sálúbàtà rìn gbà kọjá, ó sì tún fi sàréè kún un. Ó dára ju tèmi lọ. Mo sọ ọ́ báyìí nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìbòrí rẹ̀ bá. Ìyàwó kò rí nǹkan mú. Ẹ̀rín rẹ̀ bú jáde gbàà, ó kọ lu páànù, ó padà wá bá wa. Bàbá oníkòkò dúró pẹ̀lú ọmọrí lọ́wọ́. Alága wa, àgbàlagbà tí kì í pariwo, yọ awò ojú rẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "kí lo sọ?"

Ìyàwó ti jáde síbi àlàfo àárín bẹ́ńṣì, ó ti kúnlẹ̀, ó dorí kodò. Ẹ̀gbọ́n mi náà dojú kọ àwòrán ẹja náà. Alága ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n òfin ni òfin: ohun tí wọ́n bá sọ níbí, gbogbo ilé ni yóò gbọ́ ọ, ẹni tó sọ ọ́ kò sì ní túmọ̀ ara rẹ̀. Ó wá nawọ́ sí mi.

"Ìwọ tó wà lẹ́yìn wọn. Ṣebí ìwọ lo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù nínú gbogbo wa. O gbọ́ ohun tó sọ?"

Mo ní mo gbọ́.

"Dìde, kí o sọ ọ́ fún wa."

Mo dìde. Ẹsẹ̀ mi há sábẹ́ tábìlì, mo ní láti yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí, ìyàwó yóò kúnlẹ̀ fún àgbà kọ̀ọ̀kan nínú yàrá náà, ọkọ rẹ̀ yóò sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta mọ́ láéláé. Yóò kàn jẹ́ òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè dá mi lẹ́bi. Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi yíjú padà. Ó wò mí. Láti ìgbà tí ìyàwó ti dé, kò tíì wò mí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ méjèèjì, láìsí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyàwó ní ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí jinlẹ̀," mo wí. "Ó ní ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tí a ti sin pàápàá, ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn ni ẹ̀rín fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀."

Ọkùnrin oníṣẹ́ ìjọba dìde, ó gbé e lọ sí Faransé, ó sì fi "profondément", jinlẹ̀jinlẹ̀, sí i, èyí tó bá a mu gan-an ni, mo kíyè sí i. Ìyá Mina gbé e lọ sí Mina, àwọn ìyàwó ọmọ Lomé sì ń mi orí. Nígbà tí yóò fi dé ibẹ̀, ó ti di òótọ́ nínú yàrá náà.

Bàbá oníkòkò rọra gbé ọmọrí sílẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó ní, láti ìgbà tí òun ti ń tọ́jú ìkòkò ẹgbẹ́, ìyàwó yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kó yé òun pé wọ́n ń gbọ́. Ó bẹ alága pé kí wọ́n jẹ́ kó wá jókòó níwájú pátá, ibi tí òun yóò ti máa rí ojú rẹ̀, kí òun sì máa fi iṣẹ́ náà hàn án díẹ̀díẹ̀. Alága ní ó tọ́. Ìyá Mina sún, ó gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní òun gbọ́ Yorùbá tó láti máa sọ fún ọmọ náà ohun gbogbo tó bá yẹ kó gbọ́. Ìyàwó dìde lórí eékún rẹ̀, ó kọjá láàárín gbogbo wa, ó lọ jókòó. Bàbá oníkòkò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ ń bẹ lára ìyàwó.

Ṣé mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò já sí? N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń sún àyè fún un níwájú, ojú àyè tó ṣí sílẹ̀ ní bẹ́ńṣì kẹta ni mo ń wò.

Lẹ́yìn ìpàdé, lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lójú ọgbà ilé ìwé náà, ìyàwó wá bá mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ ṣeun o, Agbẹnusọ mi," ó ní. "Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ tán, ẹ tún bá mi wá ibùjókòó."

Bí mo ṣe gba orúkọ tèmi nìyẹn. Mo dá a lóhùn pé kò tó nǹkan. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń wá ọ̀kadà. Nígbà tí ọ̀kadà dé, ìyàwó ló gùn ún pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà wọn jọ lọ.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, mo tètè dé. Mo jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta lápá ojú ọ̀nà, mo fi ọwọ́ pa àwòrán ẹja náà. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó bá mi níbẹ̀, ó jókòó, èjìká rẹ̀ kan tèmi bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá oníkòkò dìde, ó wo ìyàwó kó tó la ẹnu, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó ti gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé ó ti rí ẹni tó ń gbọ́. N kò yan ohun tó wúwo. Mo ti ronú sí i. Mo dúró títí ó fi dé orí ọmọrí tí kò ní ìkòkò, mo tẹ̀ sí i létí, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí àwọn ti rédíò ṣe máa ń sọ ọ́: "Rather dull, today."

"Kò burú," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. Èjìká rẹ̀ kò mì.

Níwájú pátá, ìyàwó jókòó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá Mina bí ọmọ rere. Bàbá gbé ọmọrí náà sókè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyàwó kò yíjú sẹ́yìn tán. Ó kàn yí ọrùn díẹ̀, bí ẹni tí kọ́là aṣọ ń yọ lẹ́nu, ó fi ojú kan wá ẹ̀yìn, ó sì rọra fi àtẹ́lẹwọ́ bu erùpẹ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó dà á sórí tábìlì. Ó dà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún dà á. Ó ń sin ín.

Ẹ̀gbọ́n mi gbá ìbòrí rẹ̀ mú. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mọ́ tèmi, ó ń gbọ̀n gan-an ni, bẹ́ńṣì ń dún lábẹ́ wa, ojú rẹ̀ sì kọjá lójú mi lọ tààrà sí iwájú, bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Èmi ni mo jókòó ti í. Mo di etí tábìlì mú kí bẹ́ńṣì má baà dún jù. Bàbá jókòó. Ọkùnrin oníṣẹ́ ìjọba dìde, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ ní Faransé láti orí ìkòkò àkọ́kọ́.